Bí alájàpá ẹja ṣe lè di apẹja àti oníbàárà mú ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ tí ẹja bá pọ̀ ní ọjà Olúwo ni kí ẹ ti máa ro ọjọ́ tí yóò wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ léraléra, tí òbòkún kún apẹ̀rẹ̀, alájàpá sábà máa ń sá lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá apẹja tí ẹ máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan péré lẹ lè gbé, ẹ rà á ní iye tí kò ní dùn ún. Ẹni tó bá rántí pé ẹ ò já òun sílẹ̀ nígbà tí ẹja ń bàjẹ́ lọ́wọ́ òun ni yóò fi tiyín pamọ́ lọ́jọ́ tí ẹni mẹ́wàá bá ń du apẹ̀rẹ̀ kan.

Apẹja mẹ́ta ló tó. Ẹnì kan ò tó, nítorí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, ọjà yín dúró nìyẹn. Mẹ́wàá sì ti pọ̀ jù, ẹ ò ní mọ ilé wọn. Ilé ọ̀hún ṣe pàtàkì: lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó ló ń dá iye lé ẹja tí ọkọ pa. Ẹ kọ́kọ́ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ ìyá, ajé á wọgbá o," kí ojú yín tó lọ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ní ti oníbàárà, awìn ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ má fún ẹni tí kò tíì rajà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní awìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí gbèsè ẹnì kan ju èrè ọjọ́ méjì lọ. Bí gbèsè bá ti pọ̀ jù, oníbàárà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí ẹ má baà rí i. Ẹ pàdánù owó, ẹ pàdánù èèyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀: ọjọ́, irú ẹja, iye tó san, iye tó kù. Ẹ kà á sí i létí kó tó lọ.

Kí ẹ tó di ẹja fún oníbàárà, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn ẹja náà. Bí ojú ìka bá rì tí kò padà, tí ojú ẹja sì ti ṣe bàìbàì, ẹ má kó o fún ẹnikẹ́ni. Àìtó yìnyín ló sábà máa ń fà á: nínú ooru tiwa yìí, ẹja kílò mẹ́wàá ń fẹ́ yìnyín bíi kílò mẹ́wàá.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ná, tí oníbàárà mú ẹja tó bàjẹ́ padà wá, ẹ má bá a jiyàn lójú ọjà. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ènì sí i, ẹ bẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí "àmọ́ ẹ̀yin náà" bá tẹ̀ lé kì í tu èèyàn nínú.

Nínú fóònù, orúkọ oníbàárà nìkan ò tó. Ẹ kọ "Ìyá Ìbejì, òbòkún, ọjọ́ Jímọ̀". Bó bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ lè jókòó. Ẹni tó wá láìra aṣọ ẹbí sàn ju ẹni tó rà á tí kò wá. Nígbà ọdún Káyókáyọ̀, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè lọ́dún 1851, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí, ẹ pè é. Ẹ kí i kú ọdún, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ láìdárúkọ ẹja.