Bí Alátọ̀gbẹ Tó Ń Gún Insulin Ṣe Lè Mu Ọtí Lọ́dún Láìfi Ẹ̀mí Wéwu

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń darí bọ̀ wálé fún Ìwúde àti Kérésì, ó ṣòro kí ènìyàn jókòó sí àgbàlá kan ní Iléṣà kí wọ́n má gbé ife lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní, ìyẹn èyí tí ara kò lè pèsè insulin (èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) fúnra rẹ̀, ì bá kúkú béèrè omi. Ṣùgbọ́n bó bá pinnu láti mu ún, tí dókítà rẹ̀ kò sì kà á léèwọ̀, bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọtí ń ṣe. Bí a kò bá tíì jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọtí bá dé, ẹ̀dọ̀ á gbájú mọ́ ọtí, á sì dẹwọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, nígbà tí insulin tí ẹ gún kò dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi lè já wálẹ̀ lóru, àní títí di wákàtí 24 lẹ́yìn ife tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá tún jó, ijó náà ń jẹ ṣúgà.

Kí ẹ tó jáde, ẹ yẹ ṣúgà yín wò, kí ẹ sì jẹun yó. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL (3.9 mmol/L), ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ má sì fẹnu kan ọtí. Ẹ mú ẹ̀rọ ìyẹ̀wò àti ṣúgà dání, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan tí kò ní mutí pé ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Ìwọ̀n tó yẹ kò pọ̀: òṣùwọ̀n kan lójúmọ́ fún obìnrin, méjì fún ọkùnrin. Ìgò bíà ńlá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òṣùwọ̀n méjì, nítorí náà ìlàjì rẹ̀ ni ti obìnrin. Ẹmu ló ṣòro jù láti fojú díwọ̀n: èyí tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kún fún ṣúgà, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ti di ọtí. Ife kékeré kan tó. Ní ti ògógóró, èmi ò rídìí ẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe gún insulin kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí adùn ẹmu, àyàfi bí dókítà bá ti kọ́ yín.

Ibi tí ewu wà gan-an rèé. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já a máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará ìjókòó á sì ní, “Ọtí ló ń pa á, ẹ jẹ́ kó sùn.” Kí ẹni tí ẹ sọ fún má gbà, kó yẹ ṣúgà náà wò lójú ẹsẹ̀. Bó bá já, tó sì ṣì lè gbé nǹkan mì, kó po ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi fún un, kó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó sì fún un lóúnjẹ. Bó bá dákú, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan sí i lẹ́nu; kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn bíi Wesley Guild, kí wọ́n sọ níbẹ̀ pé alátọ̀gbẹ ni. Abẹ́rẹ́ glucagon, èyí tí wọ́n fi ń gbé ṣúgà tó já sókè, lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, torí inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń fa ṣúgà jáde.

Kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ ṣúgà yín wò. Bó bá wà nísàlẹ̀ 100 mg/dL, ẹ jẹ nǹkan. Ẹ yí aago sí agogo mẹ́ta òru láti tún un yẹ̀ wò. Láàárọ̀, ẹ jẹun lásìkò, ẹ má sì pa insulin tó ń pẹ́ lára jẹ. Bí ẹ bá ń bì, tí ṣúgà sì ga, ẹ má rò pé ọtí àná lásán ni. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.