Bí mo ṣe ya fọ́tò àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, tó sì di iṣẹ́ gidi sí mi lọ́wọ́

Kí n tètè sọ ọ́, pásípọ́ọ̀tù ló ń bọ́ mi. Tanke n'Ílọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ọmọ Unilorin ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, tó bá sì di wíkẹ́ẹ̀ńdì, òde wọlimọ̀ tàbí ìsoyìgì lẹ máa bá mi. Mi ò kóyán ẹ̀ kéré o, owó yẹn ni mo fi ra lẹ́ǹsì. Àmọ́ fọ́tò òde, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ sínú fóònù, èmi sì ń fẹ́ fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, ni mo wò kọ́ṣẹ́. Láti 1968 ni bàbá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù, ó ń yà á ṣáá, kò fi í sílẹ̀. Mo ní kí èmi náà mú nǹkan kan tó wà nílẹ̀ wa níbí, ni mo bá mú Dada ní Òkèlele, n'Ílọrin níbí, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò.

Ẹ má gbé kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kàn lọ kí wọn ni, "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi," mo ra ìsaasùn, mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ wọn. Àwọn oníkámẹ́rà ti ń dé ibẹ̀ tipẹ́, wọ́n á yà, wọ́n á lọ, ẹni tí wọ́n yà ò ní fojú kan fọ́tò yẹn mọ́. Ohun tí ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀ kọ́kọ́ bi mí nìyẹn: "Ṣé ìwọ náà fẹ́ gbé ojú wa lọ ni?" Mo ní rárá, tí mi ò bá tíì kó tiwọn fún wọn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ bi ọkọ àbí ọmọ léèrè, mo dúró dè wọ́n. Àwọn tó kọ̀, mo kí wọn pé ẹ ṣeun, ó tán. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 wà lóòótọ́, àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sófin kankan, Ìlọrin la wà, ọmọ ìyá lè jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Tó bá di ti ìmọ́lẹ̀, mi ò lo fláàṣì, ẹnu ọ̀nà ni mo lò. Mo gbé àpótí sínú díẹ̀, níbi tí òòrùn ò ti ní kan ìyá lójú, ó kọjú síta, inú ilé tó ṣókùnkùn sì mú kí ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú fúnra ẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm, ihò lẹ́ǹsì ní f/4, ìyára kámẹ́rà ní 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, ẹyinjú tó sún mọ́ mi jù ni mo gbé fókọ́ọ̀sì sí. Ibi tó ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí: kámẹ́rà ò mọ̀ pé nǹkan dúdú ló ń wò, ó rò pé ilẹ̀ ti ṣú ni, á bá tan fọ́tò náà sókè, awọ ìyá á wá rí bí ẹni fi àtíkè para. Ẹ fi bọ́tìnì +/- tó wà lára kámẹ́rà fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀, èmi máa ń fi sí -0.7, nígbà míì -1. Tó bá jẹ́ híjáàbù funfun ló gba gbogbo fọ́tò, òdìkejì ni, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Páálí funfun kan lórí itan ìyá ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ihò ojú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta o, kẹ́ ẹ sì wá òrí díẹ̀ fún apá wọn.

Ìjà tó wà níbẹ̀ ni ti ọwọ́. Èmi fẹ́ ọwọ́ tí amọ̀ kún, ìyá gbọ́ pé fọ́tò ni, ó dìde, ó lọ wẹ̀! Ó pẹ́ kó tó jáde, aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà tuntun. Mo ní ìyá, amọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́. "Ṣé kí wọ́n máa rò pé n ò láṣọ ni?" Mo ya ojú nìkan, mo fi hàn án, ó yí kámẹ́rà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún: "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Látìgbà yẹn, tiwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ yà. Ìjókòó bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó nínú fọ́tò pálọ̀ àtijọ́, ojú síwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, gbogbo ara pátá títí dé bàtà, kò sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè é ní ti ayé àtijọ́, èmi ò rí àbùkù kankan nínú ẹ̀, torí gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn, ìyá ló fọwọ́ ara ẹ̀ yàn án. Tí wọ́n bá sì ti gba tiwọn tán, wọ́n á bọ́ aṣọ náà kalẹ̀, wọ́n á padà sídìí amọ̀, wọn ò tún ní bìkítà ohun tí mò ń yà mọ́. Àwọn fọ́tò ọwọ́ tí mo ń wá kiri, ibẹ̀ ni mo ti rí wọn.

Mo wọ́ṣì wọn ní íńṣì 12 nípa 16, pépà tí kì í dán, torí fèrèsé pálọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí ti dídán dáadáa. Mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá onífọ́tò ẹsẹ̀ wo tiẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Àwọn ọmọ wọn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, èyí tó wà l'Ékòó ní kí n lọ ya ìyá òun, òmíì ní bàbá òun wà l'Ọ́fà, ẹ̀gbọ́n kan rí ti ilé kejì lára ògiri, ó ní òun náà fẹ́. Ìdajì owó ni mo máa ń gbà kí n tó kúrò ní Tanke, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Mi ò tà láwìn. Pásípọ́ọ̀tù ṣì wà o, ẹ máa bọ̀.