Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ nípa ọmú

Ọjọ́ kejì tí mo bímọ ni nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ìyá ìkókó, ṣé ọmọ ń gbá ọmú mú dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣebí orí ọmú wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fà á. Àmọ́ bó bá ti fà á báyìí, ńṣe ni mò ń di eyín kí n má baà ké. Orí ọmú mi ti bó.

Wọ́n ní kí n fún un lọ́mú kí àwọn rí i. Kíá ni wọ́n ti mi orí: orí ọmú lásán lọmọ ń jẹ. Wọ́n ní kí n ti ìka bọ igun ẹnu rẹ̀ kó lè tú u sílẹ̀, kí n fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀, kí n dúró títí yóò fi la ẹnu gbàgà bí ẹni tó fẹ́ yán, kí n tó fà á mọ́ra. Ibi dúdú tó yí orí ọmú ká gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, pàápàá lápá ìsàlẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta. Ìgbà kẹrin ló tó bọ́ sí i. Ìrora rọlẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì. Àṣé ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbá ọmú mú nìyẹn!

Ni mo bá kúkú bi wọ́n ní gbogbo èyí tí mo rò pé mo mọ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó ń gbógun ti àìsàn ló kún inú rẹ̀, díẹ̀ sì tó ikùn ìkókó. Ọmú nìkan fún oṣù 6? Omi lásán pàápàá kò sí níbẹ̀, àfi oògùn tí dókítà bá kọ. "Kí ọmọ mu nígbà tó bá fẹ́" ló ṣì mí lọ́nà jù, torí mo máa ń dúró dìgbà tó bá ké. Ẹkún ti pẹ́ jù. Bó bá ti ń yí orí kiri, tó ń fa ìkúùkù rẹ̀ mu, ó ti ń béèrè nìyẹn. Ó lè tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ó mu, ó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún fẹ́ mu. Báyìí la ṣe títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní wàrà mi ti gbẹ. Mo pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè ọmú. "Ìlédìí mélòó ló tọ̀ sí láti àná?" Mo lọ kà á: méje. Wọ́n ní lẹ́yìn ọjọ́ 5, bó bá ti tó mẹ́fà lóòjọ́, wàrà ń wọlé. Àwọn ọmọ a máa mu léraléra bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé ìrọ̀rí wá, mo sì tún gbé e sọ́mú.