Abẹ́rẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kò Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Gíà: Àṣìṣe Àwa Tá A Ń Fi Ọkọ̀ Wọ́ Ọkọ̀

Ojú ọ̀nà I-45, láàárín Dallas sí Houston, ni gíà ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ kú sí, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn Texas ń jó ni lára bí iná. Sienna kan tá a rà ní gbàǹjo ló wà lórí tírélà kékeré lẹ́yìn mi. Èbúté ni mò ń wọ́ ọ lọ, kó lè bá ọkọ̀ òkun dé Èkó. Abẹ́rẹ́ ìgbóná wà láàárín gbùngbùn, kò mì, ọkàn mi sì balẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ òórùn ohun tó ń jóná. Mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ mọ́.

Gbígbẹ́kẹ̀lé abẹ́rẹ́ yẹn ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Omi rédíétọ̀ ló ń wọ̀n, kò mọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì gíà. Ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀máátíìkì ní ibi tirẹ̀ tó ti ń gbóná, ìyẹn torque converter, tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ọ́ìlì ló fi ń gbé agbára láti apá kan sí èkejì. Bí apá kan bá ń yára yí ju èkejì lọ, ọ́ìlì àárín wọn á máa gbo ara, ooru ni yóò sì dà. Tí ẹ bá ń lọ geere lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tó máa so apá méjèèjì pọ̀, ooru á sì rọlẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kílọ́ọ̀ṣì yẹn kì í sábà so. Tí ẹ bá ń fi rìfáàsì ti tírélà gun ibi tó ga, kò ní so rárá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo ti fi rí i tí ọ́ìlì gun 30°F sókè nínú ọgbà ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì ò kúrò lójú kan.

Ẹ má sì dúró de iná ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní tan iná yẹn àyàfi tí ọ́ìlì bá ti gbóná kọjá ààlà, nígbà tí ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, 175 sí 200°F ni ara gíà ti ń dá. Tí mo bá ń wọ́ ẹrù, 220 kò bà mí lẹ́rù. Ní 240, mo ti ń dín eré kù. Tó bá fi máa tó 260, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo wà. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì gíà ni pé láti 175 lọ sókè, gbogbo 20°F tó bá lé, ìdajì ọjọ́ ayé ọ́ìlì ló ń gé kúrò. Ọ́ìlì ìgbàlódé lè fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń dí ojú ọ́ìlì inú gíà á le gbagidi, á sì máa jò. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe láti máa gbóná díẹ̀ ju òmíràn lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó so ẹrù mọ́ ọn, ẹ wa ọkọ̀ yín lófìfo fún wákàtí kan, kí ẹ sì kọ iye tó dúró lé sílẹ̀. Ẹni tí ò mọ iye yẹn kò lè mọ ìgbà tí nǹkan yí padà.

Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́ìlì náà tún ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Mo mọ ẹnì kan tó ra géèjì, tó fi sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sórí páìpù tó ń bọ̀ láti kúlà, ìyẹn ohun tó ń mú kí ọ́ìlì gíà tutù, tó wá ń yangàn pé gíà òun tutù bí omi àmù. Ọ́ìlì tó ti tutù tán ló ń wọ̀n! Ọ́ìlì tó ń jáde láti converter ló gbóná jù. Ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ ló sì máa ń fò sókè sódò, débi pé ẹni tí kò mọ̀ á máa já láyà lórí òfo. Inú páànù ìsàlẹ̀ gíà ni mo fara mọ́, torí ibẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì tó ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi síkánà Bluetooth àti fóònù wò ó, ẹ ṣọ́ra gidi. Kóòdù ìgbóná gíà kò sí lára èyí tí gbogbo ọkọ̀ jọ ń lò, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí áàpù bá kọ “temperature” láìfi kóòdù ọkọ̀ yín sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ẹ́ńjìnnì lẹ tún ń wò. Kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá C ni tàbí F: 120°C ti tó 248°F.

Ẹlòmíràn kì í tẹ bọ́tìnnì Tow/Haul, èyí tó ń jẹ́ kí gíà yí padà bó ṣe yẹ ẹni tó ń wọ́ ẹrù, torí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ariwo yẹn sàn ju kí gíà máa lọ máa bọ̀ láàárín karùn-ún àti kẹfà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ti ìwọ̀n ẹrù ńkọ́? Sienna nìkan lè tó 4,500 pọ́n-ùn. Tírélà tó gbé e lè lé 2,000 lórí rẹ̀, àwọn èèyàn wa kì í sì í kà á mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń fi okùn wọ́ ọkọ̀ ọ̀tọ̀máátíìkì lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, tiyín tún yàtọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ ń wọ́ ló wà nínú ewu. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, pọ́ǹpù ọ́ìlì ò yí, bẹ́ẹ̀ táyà tó ń wa ọkọ̀ ń yí irin inú gíà láìsí ọ́ìlì. Ẹ gbé táyà yẹn kúrò nílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pe ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè gbé e odindi.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni èyí tí mo ṣe kẹ́yìn lọ́jọ́ tí gíà mi kú lójú I-45 yẹn: mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ìsinmi ni mo fún un. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kúlà, torí náà bí mo ṣe pa á, mo há ọ́ìlì gbígbóná mọ́ inú gíà. Ní báyìí, tó bá ti gbóná jù, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa fi gíà sí P, mo máa pa AC torí ooru rẹ̀ ń fẹ́ lu kúlà, mo sì máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Mo máa ṣí fèrèsé, màá làágùn. Ó di ìgbà tí nọ́ńbà bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 200 kí n tó padà sójú títì.