Ata Sísè fún Fírísà

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àmọ̀ràn kan lórí oúnjẹ tí a ń sè sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá ra tòmátì, tàtàṣé àti rodo ní ọjà Bódìjà, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sè wọ́n títí omi wọn yóò fi gbẹ, nítorí pé ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ kì í gba àyè púpọ̀ nínú fírísà, ó sì yá láti dín. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta, kí ẹ wá pín in sínú ọ̀rá, ní ìwọ̀n tí ìdílé yín lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lára. Gbẹ̀gìrì náà gba fírísà dáadáa. Ní ti àmàlà, n kò rí ìdí tí ará Ìbàdàn yóò fi kó o sínú yìnyín.

Nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan, ẹ rántí pé fírísà tí ó kún fọ́fọ́, tí a kò sì ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48, nígbà tí èyí tí ó kún dé ìdajì yóò ṣe nǹkan bí 24. Ẹ fi ike omi dí àyè tí ó bá ṣófo. Ọbẹ̀ tí ó bá ti yọ́, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù, bí ẹran inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dunni.