Bí Epo Kò Bá Dé Inú Ẹ́ńjìnnì Katakata Àtijọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ Kétu àti Sábẹ

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Kétu tàbí ní Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ọ̀pọ̀ oko ń retí katakata kan ṣoṣo, bí ẹ̀rọ náà bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí yóò tú pọ́ǹpù ńlá (èyí tí ń ti epo lọ sí nọ́sù tí ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì) ni olóko sábà máa ń sáré wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àtúnṣe pọ́ǹpù ńlá wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì jẹ̀bi. Ẹ tọ ipa ọ̀nà epo láti inú táǹkì.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wáyà tí a ń fà láti pa ẹ́ńjìnnì ti padà sí àyè rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, tí ó rọra kú, tí ó sì tún dìde lẹ́yìn ìsinmi, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí afẹ́fẹ́ bá fà wọlé ṣìì, eruku ọyẹ́ ti dí ihò ara ìdérí náà. Lára katakata Massey Ferguson 135 àti àwọn mìíràn tí táǹkì wọn ga, ẹ tú rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ẹ gbé ife funfun sábẹ́ rẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ ṣàn geere. Bí ó bá ń kán tótó, pàǹtí ti dí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí epo inú ife náà silẹ̀. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́dọ̀ sinmi di ọjọ́ kejì, kí a sẹ́ ẹ, kí a má sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú táǹkì. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí a ń pè ní kpayo lú u rárá, nítorí dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí irin inú pọ́ǹpù yọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń dani láàmú jù. Ẹ́ńjìnnì yóò máa wúkọ́, yóò máa yọ èéfín funfun, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Rọ́bà tó sán níbi tí pọ́ǹpù kékeré, tí ń gbé epo láti táǹkì lọ sí pọ́ǹpù ńlá, ti ń fa epo lè gba afẹ́fẹ́ wọlé láìjẹ́ pé epo jò sílẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ rọ́bà tàbí fítà (asẹ́ epo), ẹ dẹ bóòtù kékeré tó wà lórí fítà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tẹ apá ara pọ́ǹpù kékeré. Ìfófó ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí epo gaara yóò fi máa ṣàn, kí ẹ sì fún bóòtù náà nígbà tí epo ṣì ń jáde. Bí apá náà bá rọ̀ tí kò fa nǹkan kan, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bóòtù ara pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù irin níbi nọ́sù, kí ẹnì kan yí sítátà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ó jẹ́ kó sinmi kó tó tún un yí, títí epo yóò fi yọ níbẹ̀. Kí ẹ wá fún un padà.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí páìpù irin ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Epo yìí lágbára tó láti gún awọ ara wọlé. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ náà kéré tí kò sì dùn ún.

Bí epo tó mọ́, tí kò ní ìfófó, bá dé pọ́ǹpù ńlá, tí kò sì sí ohun tó ń jáde níbi nọ́sù, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ di ti mẹkáníìkì. Ẹ tú pọ́ǹpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní irin iṣẹ́ tí a fi ń dán an wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí inú rẹ̀ nínú eruku oko.