Mo Sè É, N Kò Yan Án: Bí Ìgò Lásán Ṣe Jẹ Oṣù Mẹ́ta Mi

Àwo méje. Àwo méje tí mo fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ṣe ni mo dà nù. Owó kíìtì ELISA, ohun tí a fi ń wọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì tú jáde, tó bá a lọ kò ṣeé fẹnu sọ, ìgò lásán ló sì fa gbogbo rẹ̀. Ká ní inú ò bí mi ni, mi ò bá má kọ èyí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò le. Kòkòrò inú eruku, àwọn tíntìntín tó ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí tí ojú lásán kò rí, ìgbẹ́ wọn ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara: sísín, imú dídí, ikọ́ fée. Ṣùgbọ́n inú eruku kan náà ni májèlé bakitéríà wà, ìyẹn LPS, tó jẹ́ ara awọ òde àwọn bakitéríà kan. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kọ́kọ́ pàdé májèlé yìí, ṣé ìbínú rẹ̀ sí kòkòrò eruku máa yí padà? N kò ṣàdédé béèrè. Ní 2015, ìwádìí kan jáde nínú ìwé Science: èkúté tí wọ́n ń fún ní LPS díẹ̀, tí wọ́n bá fún un lónìí wọ́n á fo ọ̀la, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní ikọ́ fée nígbà tí wọ́n wá kó kòkòrò eruku bá a. Purotéènì kan tó ń jẹ́ A20 nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa iná náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí eruku ilé àwọn Amish àti Hutterite ní Amẹ́ríkà, àwùjọ àgbẹ̀ méjì tí ìran wọn jọra. Májèlé inú ilé Amish jẹ́ ìlọ́po 6.8 ti Hutterite, síbẹ̀ àwọn ọmọ Hutterite ni ikọ́ fée ń bá jà jù.

Bí a ṣe ń yọ monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, nínú ẹ̀jẹ̀, tí a ń fi purotéènì méjì, GM-CSF àti IL-4, sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì dendritic, ẹ̀ṣọ́ tó ń ta ara lólobó nípa àjèjì, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo pín àwo sí: èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ kòkòrò nìkan, èyí tó jẹ́ májèlé nìkan, àti èyí tí májèlé ti ṣáájú ní wákàtí 24, tí mo fọ̀ ọ́ kúrò kí n tó da kòkòrò sí i.

Èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. IL-6, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pariwo pé ewu dé, rọ́ jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bu epo sí iná, bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ láti inú ìgò mi nìkan ni mo dà sí i!

Mo ní ọwọ́ mi ni. Mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Mo ní bóyá ara ẹni tó fún wa lẹ́jẹ̀ ni kò yá. Mo pààrọ̀ síírọ́ọ̀mù, omi ara ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Mo gbé ẹ̀bi ru kíìtì, mo kọ lẹ́tà gbígbóná sí àwọn tó tà á, lẹ́tà tí ojú ń tì mí láti kà báyìí. Ọ̀gá mi wo àbájáde náà, wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ dọ̀tí." Ó ká mi lára gan-an, torí kò sẹ́ni tó ń nu tábìlì tó mi nínú láàbù yẹn.

Àwo keje ni mo ń dà nù lọ́wọ́ tí màmá tó ń bójú tó ìgò wa fi wo ojú mi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìgò ṣe fún ọ?" Mo rò fún wọn. Wọ́n bi mí bí mo ṣe pa bakitéríà ara ìgò. Mo ní, "Autoclave ni mà, ìkòkò oníooru olómi, 121°C." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"O sè é nìyẹn. O ò yan án. Bakitéríà ti kú, àmọ́ òkú rẹ̀ ṣì wà nínú ìgò."

Háà. LPS kì í ṣe ohun alààyè tí a ń pa. Ooru olómi kò ràn án. Ìgò ní láti wọ ààrò gbígbẹ, 250°C, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: orí pẹpẹ èmi fúnra mi ni ọ̀tá jókòó sí, tí mo ń bá oníkíìtì jà.

Mo ṣe àyẹ̀wò LAL, èyí tí wọ́n ń fi ohun inú ẹ̀jẹ̀ Limulus, ẹranko òkun kan tó jọ alákàn, ṣe. Tí LPS bá kàn án, ó máa ń dì. Omi inú ìgò tí mo sè mú un dì. Omi inú ìgò tí mo yan ò ṣe é ní nǹkan kan. Mo jó níbẹ̀.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Mo fi LAL kan náà wo èròjà kòkòrò eruku tí mo rà, LPS kún inú rẹ̀ bámú. Èyí tí mò ń pè ní "kòkòrò nìkan" kò fìgbà kan jẹ́ kòkòrò nìkan! Àwọn tó tà á ò tilẹ̀ fi pamọ́. Iye rẹ̀ wà lórí bébà inú páálí, èmi ni mo ju bébà náà nù. Mo wá da polymyxin B, oògùn kan tó máa ń di LPS mú, sí apá kan. Ìbínú sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀, àmọ́ kò tán. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, nítorí kòkòrò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n ti fi hàn ní 2009 pé Der p 2, purotéènì kan lára rẹ̀, jọ MD-2, purotéènì tó ń gbé LPS fún TLR4, aṣọ́nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì. Olè ló ń bá olè ṣílẹ̀kùn.

Pẹ̀lú ìgò tí mo yan, sẹ́ẹ̀lì tó ti kọ́kọ́ pàdé LPS díẹ̀ kò pariwo mọ́ kòkòrò tó bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan nínú mẹ́fà tó ṣe òdìkejì. Ìwọ̀n LPS ṣe pàtàkì o, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Tí mo bá tún un ṣe, omi ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó dé. LAL tó ń dí beta-glucan ni kí ẹ rà, torí beta-glucan ara olú náà ń mú un dì, ó sì lè wà nínú èròjà kòkòrò eruku. Ẹ tọ́jú bébà inú páálí.

Mo ti kọ YÍYAN sára gbogbo ìgò mi báyìí. Lánàá, ẹnì kan yá ọ̀kan, ó fọ̀ ọ́, ó sè é, ó dá a padà sórí pẹpẹ. Mo ṣì ń wá onítọ̀hún.